Ìránṣẹ́ tí Kì í Sùn

Ní 1971 ni Ray Tomlinson fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí èkejì ní Amẹ́ríkà. Lónìí, kọ̀ǹpútà lè rán ímeèlì fúnra rẹ̀. Ẹ wo àṣẹ yìí:

df -h | mail -s "Aaye" root

df ń wo ààyè tó kù. Ọ̀pá | ń gbé èsì rẹ̀ fún mail. -s ni àkọlé. root ni olùgbà. cron ní í pè é lásìkò tí a dá.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò rán an, kò ní jẹ́ ẹ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó máa jíṣẹ́ lójoojúmọ́, ire ni tàbí ibi. Bí ó bá jẹ́ ibi nìkan ni ó ń ròyìn, ta ni yóò mọ̀ bóyá àlàáfíà ni ìdákẹ́ rẹ̀ tàbí ikú?