Ẹ̀kọ́ fún Onímọ́tò: Bí Ooru Bá Mú Kábúrétọ̀

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi mọ́tò àtijọ́ tó ní kábúrétọ̀ jẹun, irú Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti jẹ ìyà yìí. A gbéra ní Ìkòsì, a dé ọjà Mile 12 láìsí wàhálà. A pa ọkọ̀ kí a lè di tòmátì sí i. Nígbà tí a fẹ́ ṣíná, ọkọ̀ kọ̀. Tòmátì ń rà, owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ sì ń retí wa. Ẹlòmíràn á sáré ra kábúrétọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n àìsàn náà á tún padà wá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

Kí ló ń fà á? Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, fáànù àti omi rédíétọ̀ ń tù ú lára. Bí a bá pa á, méjèèjì á dákẹ́, irin á sì ṣì gbóná. Ooru náà á gun orí kábúrétọ̀. Omi kì í hó títí yóò fi dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius; apá tó fúyẹ́ jù nínú pẹtiróòlù ti ń hó ní bíi 35 sí 40. Epo tó hó á ya wọ inú ẹ́ńjìnnì ju bó ti yẹ lọ.

Bí ọkọ̀ bá ṣíná wẹ́rẹ́ lẹ́yìn tó tutù, ẹ kọ́kọ́ fura sí ooru kí ẹ tó náwó.

Ohun tí a ó ṣe:

1. Kí mẹkáníìkì yẹ fáíbà líle tó wà lábẹ́ kábúrétọ̀ wò. Òun ló ń dí ooru lọ́nà. Bó bá ti fọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi irin dípò rẹ̀.

2. Kí páìpù epo má ṣe fara kan síléńsà.

3. Ẹ tọ́jú rédíétọ̀ àti fáànù. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná.

4. Bí ẹ bá pa ọkọ̀ láti kó ẹrù, ẹ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè kí ooru rí ọ̀nà jáde.

Bó bá ti kọ̀, ẹ má tẹ tọ́tù léraléra. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá ṣíná. Afẹ́fẹ́ á gbá epo àpọ̀jù lọ. Ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, irin lè sán. Ẹ má sì da pẹtiróòlù sẹ́nu kábúrétọ̀, iná lè sọ.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Èwo nínú ọkọ̀ wa ni fáíbà rẹ̀ ti fọ́? Ṣé a lè para pọ̀ rà á?