Ìlẹ̀kẹ̀ Tí A Fi Ń Wá Àánú

Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi lé ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sín ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà nílẹ̀ Àkókó, tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín wá owó fún aláìní: ọmọ òrukàn tí kò rí owó WAEC san, opó tí òrùlé rẹ̀ ń jò, aláìsàn tí wọ́n ní kó lọ wá owó iṣẹ́ abẹ wá.

Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Lọ́jọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbé iṣu mẹ́ta síta, wọ́n á lu ú ní gbànjo, ẹnì kan á sì san owó tí ì bá ra ẹrù iṣu lọ́jà. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Aṣọ ẹbí náà ń kọ́? Ẹni tó mú un mọ̀ pé owó tó san ju iye aṣọ lọ, èlé orí rẹ̀ ló fi ran olóde lọ́wọ́. Ẹni tó bá ra ìlẹ̀kẹ̀ àánú náà mọ̀ pé ẹ̀gbà ọrùn àti oore ni òun jọ ń sanwó fún.

Ẹ jẹ́ kó mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ká ní ìlẹ̀kẹ̀, okùn ọ̀rá àti ìkọ́ gba 3,000 náírà, tí ẹ sì ń gba 10,000. Ẹ̀yin náà á jẹun, ẹ ó sì wọkọ̀ láti Ọ̀kà gba Àkùngbá kọjá lọ sí ọjà Ìkàrẹ́. Bí ẹ bá mú 2,000 fún wàhálà yín, tí ẹ sì sọ ọ́ síta, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni kí ẹ ní gbogbo owó náà, ọmọ òrukàn ló ni ín, kó wá hàn lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé 5,000 péré ló kàn án. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré kan: ohun èlò, 3,000, iṣẹ́, 2,000, àánú, 5,000. Ẹ so páálí náà mọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Owó àánú kò sì gbọdọ̀ wọ inú àpò kan náà pẹ̀lú owó ọjà. Kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i kó tó jáde ní báńkì. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, tó wá fẹ̀gún sọ́wọ́, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í jinná bọ̀rọ̀.

Ẹ má sì fi àánú bo iṣẹ́ játijàti mọ́lẹ̀. Ẹ ta kókó ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ fi iná ìṣáná kan ṣóńṣó okùn kó yọ́ díẹ̀, ẹ wá tì í wọ inú ihò ìlẹ̀kẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹ fà á gírígírí kí ẹ tó fi lé oníbàárà lọ́wọ́. Bó bá já sílẹ̀ níbi ìnáwó, tí gbogbo ilé ń bá a ṣà á, ẹni náà kò ní padà wá. Bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá jẹ́ ike, ẹ pè é ní ike. Iyùn ń ti inú òkun wá, wọ́n sì ti ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ní ohun tó ju 500 ọdún lọ sẹ́yìn. Kò sí ìdí tí a ó fi máa fi irọ́ ta ìlẹ̀kẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá.

Èyí tó ká mi lára jù lọ ni àwòrán. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ún. Ẹ má gbé fọ́tò opó tó ń sunkún sórí WhatsApp kí ọjà lè tà. Ìkàrẹ́ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ opó yẹn máa lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì ti rí i.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ kọ́ opó náà níṣẹ́. Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà, ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú, tí kò jìnnà sí Àkókó, dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó sì ń kọ́ àwọn èèyàn ní aró, àdìrẹ àti iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ní Uganda, ní 2004 ni ẹgbẹ́ BeadforLife bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn obìnrin ta ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi bébà ká. Nígbà tó yá, kíkọ́ wọn ní òwò ni wọ́n gbájú mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Àkókó tí ẹ̀ ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì láti Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, wọ́n á kó ìlẹ̀kẹ̀ àánú yìí wá bá yín. Ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka páálí ara rẹ̀. Bí kò bá sí páálí níbẹ̀, ẹ béèrè.