Wọ́n Ń Wá Gbá Bọ́ọ̀lù, Wọn Kì Í Dúró Gbọ́rọ̀

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Mo dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò wa tí wọ́n wà láàárín ọdún 13 sí 17. Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà ni n óò bá wọn sọ̀rọ̀ ìwà rere. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti tán báyìí, wọ́n á ti fọ́n ká. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú làálàá ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Irú rẹ̀ ṣe William Smith ní Glasgow, nílẹ̀ Scotland. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni, àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ́ kì í sì fara balẹ̀. Ní oṣù October 1883, ó dá Boys' Brigade sílẹ̀, ó fi yíyan bíi ti ológun àti eré ìdárayá kún ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ọdún 1908 ni ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà.

Ọmọ tó wá bá yín, ó wù ú ló ṣe wá. Ẹ kì í pe orúkọ níbẹ̀ bíi ti kíláàsì. Bọ́ọ̀lù yẹn gan-an ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Ta ló ń yan agbábọ́ọ̀lù? Ta ló ń tọ́jú owó? Bí ẹni méjì bá jà, ta ló ń parí rẹ̀? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni gbogbo rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan akápò, kí wọ́n máa dá owó, kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé. Owó náà lè dín lọ́jọ́ kan. Ẹ má tètè fi tiyín dí i. Ẹ bi wọ́n pé: Kí ló ṣẹlẹ̀? Báwo ló ṣe rí lára ẹni tí ẹ fura sí? Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i? Kí ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ló le jù fún àwa olùkọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè mú sùúrù, ọmọ tí kì í fọhùn ni yóò lanu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni régbérégbé, àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹgbẹ́-ọjọ́-orí tí ẹ̀ ń rí níbi ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kì í ṣe ti aṣọ nìkan: wọ́n ń yan olórí, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìlú. Ẹ pe ọ̀kan nínú wọn wá bá àwọn ọmọ náà ṣeré.

Ààbò nìkan ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi lé wọn lọ́wọ́. Kí àgbàlagbà méjì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí òbí sì mọ ibi tí ọmọ wà.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ gbé ìwé owó náà fún wọn, kí ẹ wá ibì kan jókòó sí.