Ẹ̀sọ̀ Ni Iṣẹ́ Fífi Iná Bo Irin

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí òwe yìí bá sì ní ẹni tí ó ń bá wí, ẹni tí ń fi iná mànàmáná bo irin ni. Bí ó bá ri irin sínú omi iyọ̀ bàbà aláwọ̀ aró, tí ó jẹ́ kí iná máa sáré bí ó ti wù ú, etí irin àti orí gegele ni bàbà yóò máa wọ́ lọ, gegele yóò máa ga sí i, kòtò yóò wà bí ó ti wà, títí ara irin yóò fi rí págunpàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìwọ̀nba gúlúù, tí a fi awọ àti egungun ẹran sè, sínú omi náà, orí gegele wọ̀nyẹn gan-an ni yóò lọ lẹ̀ mọ́, yóò sé ọ̀nà mọ́ bàbà níbẹ̀, bàbà yóò sì ráyè balẹ̀ sí kòtò.

Ọgbọ́n fífi ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ sínú omi báyìí kì í ṣe tòní. Ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1847, Milward àti Lyons gba ìwé àṣẹ lórí lílo carbon disulphide, tí ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ nínú omi fàdákà ń mú fàdákà jáde ní dídán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ dán an.

Síbẹ̀, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Sákárììnì, ohun dídùn tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò dípò ṣúgà, a máa wọ inú omi níkẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú: gíráàmù kan tàbí méjì nínú lítà kan a máa mú hóró níkẹ́ẹ̀lì kúnná, a sì máa dẹ ìfà tí ìbá fà á ya. Ṣùgbọ́n súfúrù inú rẹ̀ a máa bá níkẹ́ẹ̀lì wọlé, bí ó bá sì pọ̀jù, ohun tí ń dán yinrinyinrin náà yóò kán nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ní ti ẹni tí ó fẹ́ fi ọtí ethanol lú omi dípò gúlúù, kí ó mọ̀ pé iyọ̀ kì í yòrò dáadáa nínú ọtí, iná kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè kọjá, irin a sì máa fi ìlọ́ra bọ̀. Ìlọ́ra yìí ní àǹfààní tirẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n owó iná yóò pọ̀, ọtí a sì máa gbiná. Ní tèmi, n kò ní fi gúlúù sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ìwọ ọmọ Ògún tí ń kọ́ṣẹ́ yìí, má fi ojú díwọ̀n. Wá agbada Hull, agbada kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dagun, tí ń gba omi mìlílítà 267: nítorí pé orí kan irin inú rẹ̀ sún mọ́ ibi tí iná ti ń wá, tí orí kejì jìnnà, irin kan ṣoṣo ni yóò fi bí omi náà ti ń ṣe lábẹ́ iná líle àti iná dídẹ̀ hàn ọ́. Bí irin náà bá ṣú dùdù, má kù gìrì bu gúlúù mìíràn sí i, nítorí èyí tí ó ti jẹrà nínú omi lè ni ó fà á. Èédú tí a ṣe fún sísẹ́ omi ni kí o kọ́kọ́ dà sí i, kí o sẹ́ ẹ, kí o tó wọn òmíràn.