Àwòṣe Kékeré àti Ìwọ̀n Gọ́ọ̀mù Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, gbogbo wa ni a ń fi ìwọ̀n gé páálí, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ń ro ìwọ̀n mọ́ gọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé amọ̀ kan ní ilẹ̀ Òkun, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24. Bí ínǹṣì 1 bá dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 2, àwòṣe rẹ̀ yóò gùn ní ínǹṣì 12. Nígbà náà, ẹ̀kán gọ́ọ̀mù tí ó yọ ní igun ògiri níwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì dúró fún ínǹṣì 3 lára ilé gidi. Ọ̀mọlé wo ni yóò fi irú kókó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Ọmọ tí a ń fi àwòṣe náà kọ́ kò sì mọ̀ pé gọ́ọ̀mù ni. Ohun tí ó rí ni yóò gbàgbọ́.

Ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù kò tilẹ̀ fi agbára kún iṣẹ́. Èyí tí ó tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín ojú méjì ni ó ń mú wọn pọ̀; a kì í fi í dí àlàfo. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ to gbogbo rẹ̀ ní gbígbẹ, kí ẹ sì fá ibi tí kò bára mu. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó fún ìyókù: ẹ ti ṣóńṣó rẹ̀ bọ gọ́ọ̀mù, ẹ nù ún lára etí ìgò, kí ẹ fà á gba àárín láì kan etí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò tàn dé etí fúnra rẹ̀. Ojú ibi tí a gé igi dábùú a máa mu gọ́ọ̀mù bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń mu òjò. Ẹ fi díẹ̀ pa á, kí ó gbẹ, kí ẹ tó fi èkejì sí i. Gọ́ọ̀mù tí a fi gbágùúdá sè kò ná wa ní nǹkan, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá ti pọ̀ jù, páálí á ká kò. (Aáyán sì fẹ́ràn rẹ̀ jù wá lọ.)

Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni èyí, kí ó wo Ọ̀wọ̀. Níbẹ̀ ni olùkọ́ kan, Justus Akeredolu, ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀gún ara igi gbẹ́ ère wẹ́wẹ́ ní àwọn ọdún 1930. Nítorí pé ẹ̀gún kò tóbi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń gbẹ́ orí, apá, odó àti ọmọ odó, kí a tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. A kì í kùn wọ́n. Àwọ̀ ẹ̀gún fúnra rẹ̀ ni a fi ń ya aṣọ sọ́tọ̀ kúrò lára ènìyàn. Lórí irú ère bẹ́ẹ̀, ẹ̀kán gọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tó láti bo gbogbo ìka ọwọ́ tí ọ̀bẹ ti là sọ́tọ̀.