"Ó sú mi" kọ́, "ó tojú sú mi" ni

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi pè mí lórí fóònù. Ilẹ̀ mọ́, báńkì tó ń lò ti yí ojú áàpù wọn padà, kò sì rí ibi tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, áàpù yìí sú mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n "sú" kọ́ lọ̀rọ̀ tó yẹ. Ohun tó bá súni, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀wà àjẹtúnjẹ a máa súni. Ẹjọ́ tí kò tán a máa súni. Áàpù tó yí padà láàárọ̀ ọjọ́ náà kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. "Ó tojú sú mi" ló yẹ kó wí: ó ń wò, kò mọ ibi tí yóò yà sí. Ojú tó wà nínú àkànlò èdè yẹn bá ọ̀rọ̀ áàpù mu gan-an, nítorí ojú áàpù ni wọ́n yí.

Kí ló fà á tó fi ń tojú súni? "Mo mọ̀ ọ́n" yàtọ̀ sí "ó ti mọ́ mi lára." Ohun tó bá mọ́ni lára, ọwọ́ a ti ṣe é kí ọkàn tó rò ó. Ẹ wo ti kọ̀ǹpútà: láti 1995 tí Windows 95 ti jáde ni bọ́tìnì Start ti wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, Microsoft gbé Windows 8 jáde, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ti ń lò ó fún ọdún 17 mọ ohun tó fẹ́ ṣe dáadáa. Ọwọ́ ni kò bá ohun tó mọ́ ọn lára níbẹ̀. Ariwo sọ. Ní 2013, bọ́tìnì náà padà nínú Windows 8.1, ṣùgbọ́n ibi ojú tuntun ti Windows 8 náà ló ṣì ń gbéni lọ. Àfìgbà tí Windows 10 dé ní 2015 kí àtẹ tí à ń ṣí láti ibẹ̀ tó padà sípò.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí: "àtúnṣe," tí àwọn aláàpù fi ń pe irú àyípadà yìí. Ẹni tó tún ilé ṣe, ilé náà dára sí i. Bí wọ́n bá kàn gbé ìkòkò lọ sí yàrá, tí wọ́n gbé ibùsùn wá sí ilé ìdáná, wọ́n tún un tò ni, wọn kò tún un ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìkéde áàpù ní Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, "àyípadà" ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ fi "àtúnṣe" sílẹ̀ fún ẹni tó ń lo áàpù náà láti fẹnu ara rẹ̀ sọ.