Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Tòmátì Tí Ìdí Rẹ̀ Ń Dúdú

 

Òjò àkọ́rọ̀ ti dé. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti gbin tòmátì sí ẹ̀yìnkùlé, tàbí sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí ẹ lu nídìí. N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń gbìn ín. Ẹni tó ti ń gbin ata àti ẹ̀fọ́ láti kékeré kò nílò olùkọ́ tí yóò fi ọkọ́ hàn án. Ẹ mọ̀ pé ojú kan là ń ta irúgbìn sí, pé tó bá di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, a ó tú u lọ síbi tí yóò gbé so. Ẹ mọ̀ pé à ń fi igi tì í kó má baà wó. Ẹ mọ̀ pé ewúrẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo là ń kọ́ lónìí. Mo kọ́ kíláàsì ọdún tó kọjá, wọn kò gbọ́. Mo kọ́ ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ létí, ọwọ́ wọn kò gbọ́. Nítorí náà, mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó:

Ìdí tòmátì tó dúdú kì í ṣe iṣẹ́ kòkòrò. Omi tí kò ṣe déédéé ló fà á.

Ẹ kà á sókè. Ẹ tún un kà. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn, n kò gbọ́ ohùn yín.

Ẹ mọ èyí tí mò ń wí. Tòmátì á so, á tó ẹyin adìẹ, kò tíì pọ́n. Ẹ ó wá rí àpá kan nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí òdòdó ti re. Àpá náà á kọ́kọ́ dà bíi pé omi gbígbóná ta sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, á dúdú, á jìn wọnú, á sì le bí awọ bàtà. Òkè èso náà ń dán, ìdí rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: kò sí ihò, kò sí ìdin. Ẹ rántí ìyẹn. Kò sí ihò.

Kí ni àwọn èèyàn máa ń ṣe tí wọ́n bá rí i? Wọ́n á ra oògùn kòkòrò. Arákùnrin kan ní kíláàsì ọdún tó kọjá fi oògùn ẹ̀fọn wọ́n ọn. Ìyá kan sọ fún mi pé ojú aládùúgbò òun ni, pé ọjọ́ tí obìnrin náà yin tòmátì òun ni ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dúdú. Mo bi í léèrè pé ọjọ́ wo ni ẹ bomi rin ín kẹ́yìn? Ó ronú títí. Kò rántí. Ó rántí ọjọ́ tí aládùúgbò yìn ín, kò rántí ọjọ́ tí òun bomi rin ín.

N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí èmi náà ti ṣe é rí. Lọ́dún náà, mo ra oògùn lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri. Kò sí ìwé kankan lára ìgò rẹ̀, èmi tí mò ń kọ́ èèyàn ní ìwé kíkà sì rà á bẹ́ẹ̀. Mo fi wọ́n tòmátì mi láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, adìẹ mẹ́ta ti kú. Ìdí tòmátì mi kò sì jáwọ́ nínú dídúdú.

Mo rò pé ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ kòkòrò rọ àwọn èèyàn lọ́rùn láti gbà ni ọdún 2016. Lọ́dún yẹn, kòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ lókè Ọya débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà ní Máìlì 12 rántí iye tí apẹ̀rẹ̀ kan dà. Àwọn èèyàn ń pè é ní Ẹbólà tòmátì. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ti ṣe tòmátì, “kòkòrò yẹn ni.” Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Kòkòrò yẹn máa ń la ọ̀nà sínú ewé, ó sì máa ń lu èso níhò. Èyí tí à ń sọ kò ní ihò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ibí yìí ni àwọn kíláàsì tó ti kọjá ti ń ṣubú.

Ohun kan wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kálísíọ̀mù. Òun ló wà nínú egungun wa, òun ló wà nínú èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín. Òun náà ni tòmátì fi ń mọ ara èso kí ó le dáadáa. Èso tí kò bá rí i tó, ara rẹ̀ á wó láti inú wá. Ìdí èso ló jìnnà jù sí igi, nítorí náà, ìdí ló kọ́kọ́ ń wó. Dídúdú tí ẹ rí, ara tó wó ni.

Ṣé kálísíọ̀mù kò sí nílẹ̀ wa ni? Lọ́pọ̀ ìgbà, ó wà. Ó wà nílẹ̀ o! Ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù kò ní ẹsẹ̀. Omi ló ń gbé e. Ó máa ń yòrò sínú omi, gbòǹgbò á fa omi náà, omi á gbé e gòkè lọ sára èso. Tí omi bá dáwọ́ dúró, kálísíọ̀mù náà á jókòó sílẹ̀.

Ẹ rò ó báyìí. Iṣu wà lóko rẹpẹtẹ, ebi ń pa àwọn ará ìlú. Kí ló dé? Ọkọ̀ tó yẹ kó kó o wá kò dé láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Iṣu wà lóko, ọkọ̀ ni kò sí. Kálísíọ̀mù ni iṣu. Omi ni ọkọ̀. Èso tòmátì ni ará ìlú tí ebi ń pa.

Ẹ bá mi wí i: iṣu wà lóko, ọkọ̀ ni kò sí.

Ó ku ẹyọ kan. Ewé àti èso jọ ń dúró de ọkọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ewé ló lágbára jù. Oòrùn máa ń mú kí ewé làágùn, bó ṣe ń làágùn ló ń fa omi sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Èso kì í fi bẹ́ẹ̀ làágùn, torí náà, ìwọ̀nba ni omi tó ń fà. Nígbà tí omi bá wọ́n, ewé ni yóò gba èyí tó pọ̀ jù. Kálísíọ̀mù tó bá sì ti dé ara ewé kì í padà wá sára èso mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí tòmátì tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí ìdí èso rẹ̀ sì dúdú. Ìdí nìyẹn náà tí ẹni tó bá da ìgbẹ́ adìẹ tàbí ajílẹ̀ àpò lé e lórí jù fi ń ba tara rẹ̀ jẹ́: ewé ló ń sọ di púpọ̀, ewé yẹn ni yóò sì gba ọkọ̀ mọ́ èso lọ́wọ́.

Wàyí o, ẹnì kan á ní, “Tíṣà, mo ti gbọ́, èèpo ẹyin ni n ó lọ gún.” Gbogbo ọdún ni ẹnì kan máa ń sọ ọ́. Èèpo ẹyin kò burú, ẹ dà á sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó jẹrà sínú ilẹ̀, èso tó wà lórí igi báyìí kò ní jẹ nínú rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ni mo sọ? Iṣu wà lóko. Ẹ tún ń kó iṣu lọ sóko! Ọkọ̀ ni kí ẹ wá.

Ọkọ̀ yìí gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ kì í jẹ́ ká rí lójú kan. Lóṣù kẹta àti ìkẹrin, òjò á rọ̀ lóru ọjọ́ kan bíi pé ọ̀run ya. Gbogbo wa á gbé agbè ìbomirin jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Oòrùn á wá ràn fún ọjọ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, a ó rántí, a ó da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì lé e lórí láti fi tọrọ àforíjì. Òjò tún lè rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Òùngbẹ, lẹ́yìn náà ìkún omi. Gbòǹgbò tó wà nínú omi adágún kò lè mí, kò sì lè fa omi bó ṣe yẹ. Èyí tí òùngbẹ ti gbẹ tẹ́lẹ̀ tó wá rí omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èso rẹ̀ lè là.

Tó bá di oṣù kẹfà, òjò á ti ń rọ̀ léraléra. Àwọn èso tuntun á sì máa mọ́ nídìí. Ẹ wo ibi tí ẹ̀tàn wà: ẹni tó fi oògùn wọ́n tòmátì rẹ̀ lóṣù karùn-ún á rí i lóṣù kẹfà pé ara rẹ̀ ti yá. Á ní oògùn ló jẹ́. Á sọ fún ará ilé rẹ̀, á sọ fún ìjọ rẹ̀. Òjò ló wò ó sàn, oògùn ló gba ìyìn. Ẹni tó ní ojú aládùúgbò ni, tó sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, òun náà á jẹ́rìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí omi ba àárín ẹ̀yin àti aládùúgbò yín jẹ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ bomi rin ín níwọ̀nba, ẹ sì má jẹ́ kó já. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ nídìí rẹ̀ dé oríkèé kejì. Tí ìka bá jáde ní gbígbẹ, ẹ bomi. Tí ilẹ̀ bá tutù mọ́ ìka, ẹ fi í sílẹ̀ dọ̀la. Òjò rọ̀, òjò kò rọ̀, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá mú, igi kan tó ti ń so lè mu tó lítà kan ààbọ̀ lóòjọ́, ìyẹn omi inú ọ̀rá mẹ́ta. Àárọ̀ ló dára jù. Ìdí igi ni kí ẹ da omi sí, kì í ṣe orí ewé. Èyí tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń gbẹ kíákíá ju ti ilẹ̀ lọ, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo àgbàdo bo ilẹ̀ ibẹ̀, kó nípọn tó ìka mẹ́ta, kó má fara kan igi rẹ̀. Koríko yìí ni kì í jẹ́ kí oòrùn jí omi. Tí ẹ bá sì ń ro ìdí rẹ̀, ẹ má ro ó jìn: gbòǹgbò tí ọkọ́ bá gé kò lè fa omi mọ́.

Èso tí ìdí rẹ̀ ti dúdú kò ní padà bọ̀ sípò, ẹ já a kúrò. Bí kò bá tíì bu, ẹ lè gé ibi tó bàjẹ́ sọnù, kí ẹ se ìyókù lọ́jọ́ náà. Àwọn tòmátì gígùn bíi Róma ni ìdí wọn máa ń dúdú jù. Ẹni tó bá wà nítòsí Ìbàdàn lè bi àwọn ilé ìwádìí NIHORT ní Ìdí-Iṣin nípa irúgbìn. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́ níbẹ̀, ó sì sàn ju ká bi ẹni tó ń kiri lọ.

   

Ní ti omi, ẹ má lọ bu omi gọ́tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn omi ní bọ̀hóòlù àdúgbò, ẹ tò sórí ìlà, kí tòmátì yín má gba omi tí ọmọ ẹlòmíràn fẹ́ mu. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà tó láti fi bomi rin igi méjì. Ní ti oògùn, lọ́dún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn kòkòrò dichlorvos, ìyẹn mìlílítà 100, lọ́jà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì, torí ó ń pa èèyàn. Ohun tó ń pa èèyàn, ẹ máa ń wọ́n ọn sórí ohun tí ẹ ó lọ̀ mọ́ ata! Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń wo ìdí tòmátì sàn, n kò ní fọwọ́ sí i. Kò sì wò ó sàn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí. Ẹ kọ gbólóhùn ojú pátákó sínú ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ọjọ́ méje tó wà lọ́sẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá bomi, ẹ kọ “mo bomi” síwájú rẹ̀. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹ kọ “òjò.” Ọjọ́ tí ẹ kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. Ẹ má purọ́ fún ìwé. N kò ní bá ẹnikẹ́ni wí, ṣùgbọ́n ẹni tí ìdí tòmátì rẹ̀ bá dúdú, ìwé rẹ̀ la ó kọ́kọ́ ṣí. Ẹ mú èso náà dání wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tí pẹ́ńsù rẹ̀ ti tán, òmíràn wà lórí tábìlì mi.